Ìyípadà Jíìnì Mecp2 Lára Ẹ̀lírí: Ohun Tí Ó Ń Ṣe fún Ara àti Ọpọlọ

Bí wọ́n bá di ẹ̀lírí tí ara rẹ̀ dá mú ní ìrù, tí wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ẹ̀lírí kan wà ní àwọn yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé òun sókè, ńṣe ni yóò ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ mọ́ ikùn, tí yóò fi ọ̀kan kọ́ èkejì pinpin. Bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, ìrìn rẹ̀ á gan, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, èémí rẹ̀ á máa já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó gbàgbé láti mí. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́ lára rẹ̀. Mecp2 ni orúkọ jíìnì náà. Jíìnì yìí kan náà ni ó ní àléébù lára àwọn ọmọbìnrin tí àìsàn Rett ń bá jà, ohun tí wọ́n sì rí lára ẹ̀lírí yìí ní ọdún 2007 ti yí èrò àwọn onímọ̀ padà nípa irú àìsàn ọpọlọ tí a lè pè ní aláìlóògùn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ méjì múlẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, eku kì í ṣe orúkọ ẹranko kan péré: emọ́, òkété, asín, àfè àti ẹ̀lírí, eku ni gbogbo wọn. Ẹ̀lírí, eku kékeré tí ń gbé inú ilé, ni ìran rẹ̀ di ẹran ìwádìí, nítorí náà òun ni ọ̀rọ̀ kàn níbi gbogbo tí a bá ti mẹ́nu ba eku nínú àlàyé yìí. Ọ̀rọ̀ kejì ni jíìnì. Àwọn kan máa ń lo àbùdá dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n àbùdá fẹ̀ jù ú lọ. Àbùdá ni ohun tí ojú rí lára ẹ̀dá: gíga, dúdú, irun tí ó lọ́ tàbí tí ó nà. Jíìnì ni ìlànà tí ó wà ní kíkọ sínú DNA nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kí ó tó mọ purotéènì tí yóò ṣe. Bí ìlànà náà bá ṣì kọ, tàbí tí apá kan rẹ̀ bá sọnù, ìyípadà jíìnì ni a ń pè é. Ìyípadà tí kò ṣe nǹkan kan wà. Èyí tí ń pani náà wà.

Andreas Rett, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìtàn tí ó wọ́pọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó rí àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jókòó de ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn rẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ lọ́nà kan náà. Ó tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1966, ní èdè Jámánì, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì kà á. Ó di ọdún 1983 kí Bengt Hagberg ti ilẹ̀ Súwídìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣàpèjúwe ọmọbìnrin 35 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí àìsàn náà tó di mímọ̀ káàkiri. Ọdún 17 tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì fi hàn pé èdè tí a fi kọ ìmọ̀ lè pinnu iye àwọn tí yóò jàǹfààní rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá.

Ọ̀nà tí àìsàn Rett ń gbà wọlé ni ó mú un burú lójú òbí. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ ayé bí ọmọ yòókù. Á rẹ́rìn-ín, á jókòó, òmíràn á ti máa pe ìyá rẹ̀, á ti máa fi ọwọ́ mú ṣíbí. Láàárín oṣù 6 sí oṣù 18, ìdàgbàsókè á dúró. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ á parẹ́, ọwọ́ tí ó fi ń mú nǹkan á di èyí tí ó kàn ń rin ara wọn láìdúró bí ọwọ́ ẹni tí ń fọṣọ. Orí kì í dàgbà bí ó ti yẹ mọ́. Èémí á máa ṣe ségesège. Wárápá sábà máa ń tẹ̀ lé e, eegun ẹ̀yìn ẹlòmíràn á sì tẹ̀. Nǹkan bí ọmọbìnrin kan nínú 10,000 ni ó ń ṣe, kò sì yan ìran tàbí àwọ̀ kan láàyò. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ wọn, wọn kò jogún ìyípadà náà láti ara òbí kankan. Ńṣe ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nínú àtọ̀ baba kí oyún tó dúró. Kò sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí ó ṣe nígbà oyún tí ó fà á.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí purotéènì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kò wá àìsàn kankan rárá. Ní ọdún 1992 ni Adrian Bird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh, ní Scotland, kéde purotéènì MeCP2. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni àwọn àmì kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì máa ń fi sára DNA rẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá kò ní pẹ́ lóye ọ̀ràn náà bí ó bá rántí àmì ohùn. Lẹ́tà kan náà ni ó wà nínú *ọkọ*, *ọkọ́* àti *ọkọ̀*. Àmì orí wọn ni ó sọ ọ̀kan di ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó, tí ó sọ èkejì di irinṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó sì sọ ẹ̀kẹta di ohun ìrìnnà. Àwọn àmì orí DNA kò yí lẹ́tà jíìnì padà. Wọ́n ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe lo jíìnì náà ni, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n ń sọ fún un pé kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. MeCP2 ni ó ń rí àmì náà, tí ó ń dì mọ́ ọn, tí ó sì ń mú àṣẹ rẹ̀ ṣẹ. Ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ju bí ó ṣe pọ̀ ní ibòmíràn lọ. Láìsí i, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tẹ̀ lé àmì náà kò sí.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1999, Huda Zoghbi, oníṣègùn tí a bí ní Lẹ́bánọ́nì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, àti ikọ̀ rẹ̀ fi hàn pé jíìnì tí ń ṣe purotéènì yìí ni ó bàjẹ́ nínú àìsàn Rett. Bí ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn ṣe pàdé nìyẹn. Àwọn onímọ̀ a máa fi lẹ́tà ńlá kọ jíìnì ti ènìyàn, MECP2. Ti ẹ̀lírí ni wọ́n ń kọ ní Mecp2.

Lórí kurómósómù X ni jíìnì náà wà, èyí sì ni ìdí tí ọ̀rọ̀ fi yàtọ̀ láàárín akọ àti abo. Abo ní X méjì, akọ ní ẹyọ kan. Ní ọdún 1961 ni Mary Lyon, onímọ̀ ìṣẹ̀dá kan ní Harwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo àwọn abo ẹ̀lírí kan tí àwọ̀ irun wọn rí bí aṣọ alábùlé, tí ó sì dábàá ìdí rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara abo máa ń pa X kan lẹ́nu mọ́, X yìí nínú sẹ́ẹ̀lì kan, X tọ̀hún nínú òmíràn. Nítorí náà, ọpọlọ ọmọbìnrin tí ó ní àìsàn Rett rí bí aṣọ alábùlé pẹ̀lú. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, jíìnì tí ó pé ni ó ń ṣiṣẹ́. Nínú ìyókù, èyí tí ó bàjẹ́ ni. Ọmọkùnrin tí X rẹ̀ ẹyọ kan bá bàjẹ́ pátápátá kò ní àbò yìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ láyé.

Ní ọdún 2001 ni ikọ̀ méjì gbé ẹ̀lírí aláìní-Mecp2 jáde, ikọ̀ Bird ní Edinburgh àti ikọ̀ Rudolf Jaenisch ní Whitehead Institute ní Massachusetts. Wọ́n gé apá pàtàkì nínú jíìnì náà dànù, wọ́n sì dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Wọ́n bí àwọn akọ tí kò ní jíìnì náà rárá láìsí àléébù tí ojú rí, wọ́n mu ọmú, wọ́n dàgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 8 ni àìsàn dé. Ìrìn wọn gan, ẹsẹ̀ wọn kò gbọ́ràn sí ara wọn lẹ́nu mọ́, wọn kì í fẹ́ kúrò lójú kan bí ẹnìkan kò bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ra nígbà tí wọ́n bá gbé wọn sókè. Èémí wọn kò ṣe déédéé. Àwọn àmì kan tún wà tí ẹni tí ń ronú nípa ọpọlọ nìkan lè má retí. Eyín iwájú eku kì í yé hù, jíjẹ nǹkan ni ó ń bù ú kù. Àgbọ̀n àwọn ẹ̀lírí wọ̀nyí kò ṣe rẹ́gí, nítorí náà eyín wọn ń jẹ níbì kan ju ibì kejì lọ. Kórópọ̀n akọ kò sọ̀kalẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara dá lórí irú ìran ẹ̀lírí tí wọ́n lò: nínú ìran kan, àwọn aláìsàn rù, nínú òmíràn, wọn kò rù, ọ̀rá ni ó gun ara wọn. Nígbà tí àìsàn náà bá ti wọra, wọ́n á fọ́n kíákíá, wọ́n á sì kú. Nǹkan bí ọjọ́ 54 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ ayé àwọn akọ ti Edinburgh, nígbà tí ẹ̀lírí yàrá ìwádìí tí ara rẹ̀ le sábà máa ń lo nǹkan bí ọdún méjì.

Àwọn abo tí wọ́n ní ẹyọ jíìnì kan tí ó pé àti ẹyọ kan tí ó bàjẹ́ ni ó jọ ọmọbìnrin aláìsàn jùlọ. Oṣù mélòó kan kọjá kí àmì tó hàn lára wọn. Wọ́n bímọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀lẹ mú wọn, tí ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kò kú bí akọ.

Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, ohun tí wọ́n rí kéré sí ohun tí ẹni tí ó rí ìyà tí ẹranko náà ń jẹ yóò retí. Ọpọlọ náà fúyẹ́ ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, ó sì fún mọ́ra. Ẹ̀ka tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń kàn sí òmíràn kò pọ̀ bí ó ti yẹ. Síbẹ̀ ètò rẹ̀ kò dàrú, kò sì sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti kú lọ bí ilẹ̀ bíi ti àwọn àìsàn tí ń jẹ ọpọlọ àgbàlagbà. Ikọ̀ méjèèjì tún ṣe ohun mìíràn: wọ́n mú Mecp2 kúrò nínú ọpọlọ nìkan, wọ́n fi í sílẹ̀ sí ìyókù ara. Àìsàn kan náà ni ó jáde. Nítorí náà, bí èémí bá ń já, kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀fóró ni ó kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ọpọlọ tí ń pàṣẹ fún un ni.

Ibí yìí ni ìbéèrè ńlá ti yọjú. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá kú, ṣé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ni, àbí ó wà níbẹ̀, tí ó ń dúró de ohun tí ó sọnù? Èrò tí ó gbilẹ̀ nígbà náà ni ti àkọ́kọ́. Wọ́n gbà pé ọpọlọ ọmọdé ní àkókò tirẹ̀, pé ohun tí kò bá tò ní àkókò náà kò lè tò mọ́. Ìrètí àwọn òbí kò lè kọjá ìtọ́jú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti wárápá.

Jacky Guy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ikọ̀ Bird dá ọgbọ́n kan. Dípò kí wọ́n gé Mecp2 dànù, wọ́n fi ègé DNA kan dábùú àárín rẹ̀ bí ìgbà tí a bá fi igi dí ọ̀nà. Jíìnì náà pé, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò lè kà á dópin. Wọ́n tún fún ẹ̀lírí kan náà ní purotéènì kan tí ó lè gé igi náà kúrò, bí àáké, wọ́n sì ṣe é kí àáké náà má lè wọ ibi tí DNA wà àfi bí oògùn kan tí ń jẹ́ tamoxifen, èyí tí a mọ̀ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, bá wọ ara ẹranko náà. Wọ́n wá jẹ́ kí ẹ̀lírí dàgbà, kí ó sì ṣàìsàn. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fún ohun mẹ́fà ní máàkì láti 0 dé 2: bí ó ṣe ń rìn kiri, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ń kọ́ra, gbígbọ̀n ara, èémí, àti bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí lápapọ̀. Òdo ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tamoxifen ṣí jíìnì náà lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀, lára àwọn tí àìsàn kò tíì hàn lára wọn. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ṣàìsàn lójijì tí ó sì kú. Àwọn olùwádìí dín eré kù: abẹ́rẹ́ kan lọ́sẹ̀ kan, kí jíìnì lè máa jí díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó fi ti ojoojúmọ́ parí rẹ̀. Àwọn akọ tí wọ́n fún lọ́nà yìí ti ṣàìsàn gan-an. Ìwọ̀nba ọjọ́ ni ó kù fún òmíràn nínú wọn. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kò kú. Máàkì wọn ń lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, gbígbọ̀n rọlẹ̀, èémí tò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri inú àgò wọn. Àwọn abo tí wọ́n ti di àgbà, tí àìsàn ti wà lára wọn tipẹ́, padà bọ̀ sípò pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n wo bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọn ṣe ń fún ìsopọ̀ láàárín ara wọn lágbára, èyí tí ẹ̀kọ́ kíkọ́ dúró lé, òun náà ti padà dé ìwọ̀n ti ẹ̀lírí tí ara rẹ̀ dá. Inú ìwé àtìgbàdégbà *Science* ni àbájáde náà ti jáde ní 2007. Ìdáhùn sí ìbéèrè ńlá náà, ó kéré tán lára eku, ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń dúró dè é ni.

Ìròyìn yìí dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi sọ ọ́ di ìlérí ìwòsàn. Èyí kò tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn fúnra wọn ti kọ́kọ́ tì. Jíìnì tí ó pé wà lábẹ́ ìdènà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àáké sì ti wà nínú ara ẹ̀lírí kí wọ́n tó bí i. Ọmọ ènìyàn kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ̀ tí ń kọ́ra lára eku kì í ṣe ọwọ́ tí ń ra ara wọn lára ọmọ, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Ó máa ń hàn lára ẹ̀lírí tí ó ní oríṣiríṣi àìsàn ọpọlọ mìíràn. Akọ tí kò ní jíìnì rárá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìwádìí nítorí àìsàn rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin alábùlé ni ó wà ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀lírí kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò pàdánù.

Àwọn tí ó kú nítorí pé jíìnì wọn jí lójijì kò sì yẹ kí a gbàgbé. Ní ọdún 2004, ikọ̀ Zoghbi ti ṣe ẹ̀lírí tí MeCP2 rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí ó yẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn eku náà tilẹ̀ ń kọ́ nǹkan yára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Nígbà tí oṣù gorí oṣù, wárápá dé, ìṣesí wọn yí padà, àwọn kan kú. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ní MECP2 méjì lórí X wọn dípò ẹyọ kan. Ọpọlọ tiwọn náà kò dàgbà bí ó ti yẹ, àìsàn wọn sì le. Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni purotéènì yìí rí: bí ó bá kù, ọbẹ̀ tẹ́; bí ó bá pọ̀, kò ṣeé jẹ.

Oògùn àkọ́kọ́ fún àìsàn Rett, trofinetide, gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 2023. Ó ń dín àwọn àmì kan kù. Kì í fọwọ́ kan jíìnì rárá. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà kejì wò lára ènìyàn: kí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba oró rẹ̀ gbé MECP2 tí ó pé lọ sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ìṣòro aṣọ alábùlé ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Fáírọ́ọ̀sì kò mọ sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣaláìní yàtọ̀ sí èyí tí ó ti ní tirẹ̀. Ẹrù tí ó já sínú ti àkọ́kọ́ lè tún un ṣe. Ẹrù kan náà, bí ó bá já sínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè sọ ìwọ̀n tí ó tó di ìlọ́po méjì, bíi ti àwọn ẹ̀lírí ọdún 2004. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni ti wíwá ohun ìjánu tí yóò wà nínú jíìnì tí wọ́n ń gbé wọlé náà fúnra rẹ̀, tí yóò dá a dúró nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ní iye tí ó tó, lára ẹ̀lírí ni wọ́n sì ti ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ìjánu náà yóò mú.